Àpótí káàdì ìsopọ̀ gbólóhùn tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní Kubwa

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó ti máàkì irú àròkọ yìí rí: "Lokoja is a town. It is in Kogi State. It is the capital. Two rivers meet there." Kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀. Síbẹ̀ ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, torí pé ọmọ tó kọ ọ́ mọ nǹkan, bí yóò ṣe so ó pọ̀ ni kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Nínú àròkọ WAEC tó gba máàkì 50, 20 ló wà fún Expression, ìyẹn bí ọmọ ṣe ń lo èdè, nìkan. Ibẹ̀ ni irú gbólóhùn báyìí ti ń pa àwọn ọmọ wa lára.

Ohun tí mo rà ni àpótí káàdì kan tó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fi appositive so gbólóhùn kéékèèké pọ̀. Appositive ni àpólà orúkọ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mìíràn láti sọ ẹni tàbí ohun tó jẹ́. ₦8,500 ni mo rà á lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń ta ìwé ní ọjà Wúsè, mo sì ti lò ó fún odindi táàmù kan ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé tí àwa òbí Yorùbá ń ṣe fún àwọn ọmọ JSS2. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ mo ní ẹjọ́ láti rò.

Inú àpò ni wọ́n pín àwọn káàdì náà sí. Àpò àkọ́kọ́ rọrùn, kí ọmọ fàlà sábẹ́ appositive ni, kò gbà wá lákòókò. Àpò kejì ló tó owó tí mo san. Gbólóhùn méjì wà lórí káàdì gígùn kan, ọmọ yóò fi àlùmọ́gàjí gé e, yóò sọ ohun tí kò wúlò nù, yóò wá to ìyókù. Àwọn káàdì pélébé pupa tí wọ́n tẹ kọ́mà sí wà lọ́tọ̀. Mo kọ ti wa sórí àwọn káàdì òfìfo tó bá a wá: "Sir Ahmadu Bello was born in Rabah. He was the first Premier of Northern Nigeria." Ọmọkùnrin kan gé "He was" kúrò, ó jù ú sílẹ̀, ó gbé ìyókù sẹ́yìn "Bello", ó fi kọ́mà kan sí i, ó jókòó. Mo kà á sókè bó ṣe tò ó, mi ò dánu dúró lẹ́yìn "Nigeria". Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Anti, ó ṣílẹ̀kùn wọlé, kò tì í." Ó mú kọ́mà pupa kejì, ó fi sí àyè rẹ̀: "Sir Ahmadu Bello, the first Premier of Northern Nigeria, was born in Rabah." Kọ́mà kejì yẹn ni gbogbo wọn máa ń gbàgbé nínú ìwé, àmọ́ tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n fọwọ́ gbé ni, wọ́n ń rí i pé àyè rẹ̀ ṣófo.

Ohun kan tí kò sí nínú àpótí náà ni mo fi kún un. Àwọn ọmọ wa ti ń gbọ́ irú gbólóhùn yìí nílé láti kékeré, nínú oríkì. "Ògún, lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀": orúkọ lé orúkọ, kò sí "jẹ́", kò sí "ni" láàárín wọn, ẹnìkan náà sì ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Mo ní kí kálukú lọ béèrè oríkì ilé rẹ̀ lọ́wọ́ òbí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Abuja níbí, tí ẹlòmíràn nínú wọn kò dé Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú rí, dé pẹ̀lú oríkì lórí ìwé, inú wọn sì ń dùn. Lẹ́yìn èyí ni àpò kẹta, tó dá lórí gbígbé appositive sí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, wá yé wọn kíá.

Wàyí o, ẹjọ́ mi. Ìwé ìdáhùn tó bá a wá ń ṣi òbí lọ́nà. Ìdáhùn kan péré ló fún káàdì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n ti fún ọmọ ní "Paris is the capital of France" àti "Paris stands on the River Seine", wọ́n kọ "Paris, the capital of France, stands on the River Seine". Ọmọ kan nínú tiwa kọ "Paris, a city on the River Seine, is the capital of France", bàbá rẹ̀ sì fagi lé e nílé nítorí ìwé ìdáhùn. Ọmọ yẹn gbà á! Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ló ń pinnu èyí tí yóò jẹ́ olórí gbólóhùn àti èyí tí yóò wà láàárín kọ́mà. Mo fi Lokoja ṣàlàyé fún wọn. Tó bá jẹ́ pé odò Ọya àti odò Benue là ń kọ̀wé lé, "Lokoja, the capital of Kogi State, stands where the two rivers meet" ló bá a mu. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, a ó yí i padà. Bó bá sì jẹ́ ìtàn là ń sọ, ti pé ibẹ̀ ni Lugard ti bẹ̀rẹ̀ ìṣàkóso Àríwá Nàìjíríà ní 1900, ohun mìíràn tún ni yóò bọ́ sẹ́yìn. Èyí gan-an ni ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ náà, àpótí náà kò sì sọ ọ́ níbì kankan.

Wọ́n tún kọ ọ́ gàdàgbà pé kọ́mà gbọ́dọ̀ yí appositive ká nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. "My brother Kunle" tọ̀nà láìsí kọ́mà fún ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin púpọ̀, torí orúkọ yẹn ló jẹ́ ká mọ èyí tó ń sọ. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ní, kọ́mà di dandan.

Àwọn àpẹẹrẹ ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ jù níbẹ̀ náà. Ọmọ tí kò mọ ìlú tí wọ́n ń sọ kò lè mọ èwo ló ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ méjì nípa rẹ̀. Nígbà tí a gbé Zuma Rock, Gurara àti Wọlé Ṣóyínká wọlé, ariyanjiyan gidi bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì.

Olùkọ́ tó bá ní àkókò láti kọ káàdì tirẹ̀, kó rà á. Òbí tó fẹ́ gbé e fún ọmọ nílé, kó fa ìwé ìdáhùn yẹn yọ, kó sì máa bi ọmọ pé kí ló dé tó fi ti ibẹ̀ yẹn gbé e. Àwọn SS1 lè bẹ̀rẹ̀ láti àpò kẹta.