Myford ML7 tokunbo àbí mini-lathe Ṣáínà tuntun: èwo ló ṣeé tún ṣe tó bá ti jẹ?

Ẹni tó bá fẹ́ ra lathe kékeré (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí abẹ lè gé e) sílé, yálà inú gáréèjì n'Ìlú Ọba níbí ni o tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé nílé, méjì yìí lọ̀rọ̀ sábà máa ń já sí: Myford ML7 àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Beeston lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nottingham, àbí mini-lathe 7x14 tó ń bọ̀ láti Ṣáínà. Mo ti lo méjèèjì. Mi ò ní máa ka bí chuck (ẹnu tó ń di irin mú) ṣe tóbi tó àti bí bed (irin gígùn tí gbogbo ẹ̀ jókòó lé) ṣe gùn tó fún yín, gbogbo ẹni tó ń tà á ló ti kọ ìyẹn síta. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò ni pé tó bá ti jẹ, ìyẹn tí lílò ti jẹ ojú irin rẹ̀, tó ti ní play (ààyè tó ń jẹ́ kó máa mì), kí la lè ṣe sí i, kí ló sì máa gbà lọ́wọ́ wa.

Backlash ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ẹ yí háńdù cross-slide (apá tó ń gbé abẹ wọlé sára irin) wọlé, ẹ wá yí i padà, ibi tí ọwọ́ yín ti ń yí tí irin ò tíì mira, òun náà nìyẹn. Kò sí lathe tó ń lo síkúrúù lásán tí kò ní in, títí kan èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí. Tọ́nà (ẹni tó ń lo lathe) tó mọṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ló ti máa ń wọlé, tó bá sì yí i kọjá ibi tó ń lọ, á fà á sẹ́yìn dáadáa kó tó tún wọlé, iṣẹ́ á sì bọ́ sí ìwọ̀n. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi backlash nìkan lé yín lẹ́yìn máṣíìnì tó dáa.

Tó bá wá ti pọ̀ jù, ti ML7 kò le. Ilé iṣẹ́ Myford ti ti ilẹ̀kùn ní 2011 àmọ́ RDG Tools ra orúkọ náà, páàtì ṣì ń jáde. Nọ́ọ̀tì àti síkúrúù ni kẹ́ ẹ rà pa pọ̀ o, torí àárín síkúrúù ni iṣẹ́ pọ̀ sí, àárín yẹn ló máa ń jẹ jù, tẹ́ ẹ bá fi nọ́ọ̀tì tuntun sórí síkúrúù tó ti jẹ á le lápá ìparí, á tún máa mì láàárín. Àwọn kan kì í tiẹ̀ ra nọ́ọ̀tì rárá, wọ́n á fi iná rọ acetal, ìyẹn irú ike líle kan, wọ́n á fi gbá síkúrúù mú nínú vice títí á fi gba ojú rẹ̀, ó sì máa ń mú un ṣinṣin. Ti mini-lathe tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀, àwọn síkúrúù kéékèèké wà lókè cross-slide tẹ́ ẹ lè fi yí nọ́ọ̀tì idẹ yẹn tẹ̀ díẹ̀ títí play á fi dín kù, tó bá jẹ tán nọ́ọ̀tì mìíràn kò wọ́n.

Bed ni kẹ́ ẹ bá mi wò, torí ibẹ̀ ni owó ń bá lọ.

Lathe tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, ìtòsí chuck ni saddle (apá tó ń gbé abẹ rìn lórí bed) ti máa ń lọ bọ̀ jù, ibẹ̀ ló máa ń jẹ, apá tailstock (ìparí kejì bed) á sì wà bó ṣe wà. Play tó wà nínú háńdù, ọwọ́ lè yẹ̀ ẹ́, àmọ́ bed tó jẹ, kò sí ọgbọ́n ọwọ́ tó lè yẹ̀ ẹ́. Tí saddle bá fi mílímítà 0.1 péré yà sẹ́yìn, irin tẹ́ ẹ ń gé á fi 0.2 tóbi jù lápá ibẹ̀, irin á máa jáde bíi kárọ́ọ̀tì. Ẹni tó ta ML7 fún mi ti pààrọ̀ nọ́ọ̀tì àti síkúrúù, ó fi ọ́ìlì pa gbogbo ara ẹ̀ ó ń dán, háńdù dùn lọ́wọ́ gan-an, kò sì sọ nǹkan kan fún mi nípa bed. Ìgbà tí mo gbé e délé tí mo fún gib saddle (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú saddle mọ́ bed) lẹ́bàá chuck títí ó fi ń wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, mo wá ń yí i lọ sápá tailstock, kò dé ìdajì tó fi há gbagidi. Mo tú gib, ó rìn, àmọ́ nígbà tó padà dé ẹ̀bá chuck ṣe ló ń jó. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó tó máa dáa níbi méjèèjì. Owó tí wọ́n dá lé mi fún grinding (kí wọ́n lọ ojú bed kó tún tẹ́jú), pẹ̀lú owó mọ́tò tó máa gbé bed lọ gbé e bọ̀, ju owó tí mo ra odindi máṣíìnì lọ, tí wọ́n bá sì grind ẹ̀ tán saddle á ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ẹ tún máa tò ó kí half-nut (nọ́ọ̀tì inú saddle) lè jókòó dáadáa lórí leadscrew, síkúrúù gígùn tó ń fa saddle. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀gbẹ́ni yẹn, torí ó mọ̀.

Ẹ̀bi Myford kọ́ o. Ọgbọ́n kan tiẹ̀ wà fún ML7 àtijọ́: irin iwájú nìkan ló ń darí saddle, ojú ẹ̀yìn bed kò sì ní jẹ, wọ́n lè fi irin pẹlẹbẹ kan sí saddle kó máa tẹ̀ lé ojú ẹ̀yìn yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ tó bá jẹ́ pé orí bed ló jẹ, kò lè gbà yín níbẹ̀.

Mini-lathe ní tiẹ̀, saddle rẹ̀ kì í tò dáadáa láti ilé iṣẹ́, ẹ máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ máa fún àwọn irin pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ tú ẹ fún un, ẹ tú ẹ fún un, ó lè gba gbogbo ọ̀sán yín. Àmọ́ bed náà tuntun ni, tó bá máa jẹ, ọwọ́ yín ló máa jẹ sí.

Béárìn: ti ML7 jẹ́ white metal (irin rírọ̀ kan), ẹ ń ṣí shim (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín) kúrò tó bá jẹ, ó dáa. Iná: mọ́tò ML7 kò ní wàhálà, board tó ń darí mọ́tò mini-lathe kò fẹ́ràn iná tó ń lọ sókè sódò, nílé ẹ ra stabilizer mọ́ ọn. Ìwọ̀n: síkúrúù cross-slide ML7 sábà máa ń jẹ́ eyín mẹ́wàá sí inch kan, tẹ́ ẹ bá ń lo mílímítà ẹ máa ṣírò. Agbára: ML7 gé irin líle ju mini lọ, kò sí àríyànjiyàn.

Tẹ́ ẹ bá rí ML7 tí saddle rẹ̀ rìn láti chuck dé tailstock láì há, ẹ rà á kíá, máṣíìnì gidi ni. Tẹ́ ò bá rí i, tàbí tí ẹ ò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n wò tó máa bá yín lọ, mini-lathe ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ fi owó tó kù ra dial gauge (aago tó ń wọn ìyàtọ̀ kékeré). Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe ní ọjà Owódé Onírin l'Ékòó tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ ra tokunbo: ẹ mú spanner lọ́wọ́, ẹ ní ẹ fẹ́ fún gib kẹ́ ẹ yí saddle lọ yí i bọ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ máa lọ sí ìsọ̀ kejì.