Ọ̀sán Sunday kan ní pápá Kwara United

Ẹ̀yin ará Ìlọrin tẹ́ ẹ máa ń sanwó wo Arsenal àti Chelsea ní fíú sẹ́ńtà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ wọ sítédíọ̀mù Taiwo Road kẹ́yìn? Mo lọ wo Kwara United, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ wa, ní Sunday tó kọjá, èmi àti bùrọ̀dá mi àti ọmọ wọn ọkùnrin, mo dẹ̀ fẹ́ sọ bó ṣe rí fún yín torí ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ nǹkan tá a ní nílé.

Aago mẹ́rin ni bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀ àmọ́ ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́ta tó lù. Ìta géètì nìkan ti tó nǹkan tèèyàn ń wò, ẹlẹ́pà, onígúgúrú, àwọn ọmọdé tó wọ jẹ́sì, àti àwọn obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ wàrà Ìlọrin ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, èyí tí mo rà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde látinú epo ni, ẹ̀yìn ẹ̀ pọ́n, inú ẹ̀ funfun ó rọ̀, ata ẹ̀ dẹ̀ mú dáadáa. Kúnnú tí mo rà lọ́wọ́ ẹlòmíì ti kan, mi ò lè mu ún tán, torí náà ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Owó pọ́púlà, ìyẹn ìjókòó gbogbogbò, ò wọ́n. Ẹ wá ibi tí oòrùn máa wà lẹ́yìn yín jókòó, ẹ dẹ̀ mú fìlà àti nǹkan tẹ́ ẹ máa tẹ́ sídìí dání.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn jùyọ̀! Bàbá kan tí wọ́n wé láwàní jókòó níwájú wa, gbogbo ìgbà tí nọ́ḿbà méje bá ti gba bọ́ọ̀lù ni wọ́n á pariwo, "Ọmọ mi, apá òsì! Apá òsì ló ṣófo!" Ọmọ yẹn ò lè gbọ́ wọn láti ọ̀ọ́kán yẹn, àmọ́ nígbà tó wá gbá a sápá òsì lóòótọ́ tí góòlù dẹ̀ wọlé, gbogbo wa dìde, àwọn onílù ò dákẹ́ mọ́, wọ́n ń bọ bàbá lọ́wọ́ bíi pé àwọn gan-an ló gbá a. Ní háàfù táìmù, àwọn tí ò tíì kírun Àlàásárì lọ ṣàlùwàlá, bàbá yẹn fi fóònù àti agbòòrùn wọn sílẹ̀ fún bùrọ̀dá mi tí wọn ò mọ̀ rí, nígbà tí wọ́n fi máa dé, kò sẹ́ni tó gba ààyè wọn. Ó wú mi lórí gan-an.

Àti pé lórí tẹlifíṣọ̀n, ibi tí bọ́ọ̀lù bá wà nìkan lẹ máa ń rí. Níbí ẹ máa rí dìfẹ́ńdà tó ń fọwọ́ pe ẹnì kejì ẹ̀ pé kó sún mọ́ òun, ẹ máa rí síráíkà tó ń rọra yọ́ lọ sẹ́yìn wọn kí bọ́ọ̀lù tó dé rárá. Kò sí pé wọ́n á tún un fi hàn o, tẹ́ ẹ bá ń tẹ fóònù, ó ti kọjá nìyẹn.

Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Ní 2025 wọ́n gba President Federation Cup, ife tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ń dù, fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Onikan l'Ékòó, wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Abakaliki FC kí wọ́n tó fi pẹnáritì nà wọ́n. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú NPFL, líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù 19 ni ti ilé nínú sísìn kan, ẹ mú ẹyọ kan péré níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé, ẹ rìn síwájú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, torí àwọn kan máa ń gbówó lérí níwájú géètì. Tó bá dẹ̀ jẹ́ pé Shooting Stars ló ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ tètè dé pápá gan-an torí èrò, kẹ́ ẹ dẹ̀ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú.