GPU inú àti GPU ìta lórí handheld: èwo ni kí ẹ fowó rà?

GPU ni ohun tó ń ya àwòrán géèmù: ti inú wà nínú handheld, ìyẹn kọ̀ǹpútà géèmù tí a ń gbé lọ́wọ́; ti ìta wà nínú àpótí tirẹ̀, wáyà la fi ń so ó mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń bi mí nípa GPU ìta fún handheld, ohun tó máa ń kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni iye FPS, ìyẹn iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí yóò fi kún géèmù rẹ̀. Yóò fi kún un gan-an, ẹ má ṣiyèméjì. Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni owó mi àti sùúrù mi ti tán. Ibi tí wọ́n ti tán ni bí a ṣe ń kúrò lórí GPU inú bọ́ sórí ti ìta, àti bí a ṣe ń padà, pàápàá nígbà tí a kò múra láti padà.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Irú ihò àti wáyà tí a fi ń so GPU ìta mọ́ handheld ni OCuLink àti USB4. Mo lo OCuLink fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, lẹ́yìn náà mo bọ́ sórí USB4, orí rẹ̀ ni mo ṣì wà. XG Mobile, GPU ìta tí ASUS ṣe, ọ̀rẹ́ mi kan ló yá mi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ihò tó wà lára ẹ̀rọ yín

Kí ẹ tó gbé owó jáde, ẹ wo ihò tí handheld yín ní. Steam Deck kò ní USB4. Àwọn kan máa ń tú u, wọ́n á yọ SSD rẹ̀ tó ń tọ́jú fáìlì, wọ́n á sì gba ihò M.2 tí SSD náà wà fa wáyà jáde, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹni tó ń lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo níyànjú pé kó dán an wò. Legion Go ní USB4 méjì. ROG Ally ti 2023 kò ní USB4, ihò XG Mobile ni wọ́n fi sí i. ROG Ally X tó jáde ní 2024 ní USB4. GPD Win 4 ti 2023, èyí tó ń lo Ryzen 7 7840U, ní OCuLink àti USB4 pa pọ̀.

Ìyára

OCuLink ló yára jù, mi ò ní jiyàn. 64 Gbps (gígábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni tirẹ̀. USB4 tí à ń wí yìí jẹ́ 40 Gbps, nínú èyí tí ohun tó kan GPU kò ju 32 lọ. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ náà dáadáa nínú géèmù tí FPS rẹ̀ ń sáré ní 1080p. Tí ẹ bá gbé e dé 4K, tí àwòrán rẹ̀ tóbi ju ti 1080p lọ, agbára GPU fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tán, wáyà kì í jẹ́ ìṣòro tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé tí ẹ bá ń wo géèmù lójú handheld fúnra rẹ̀, gbogbo àwòrán tí GPU ìta bá yà ni yóò tún gba inú wáyà kan náà padà wá. Ẹ ti dín agbára tí ẹ fowó rà kù nìyẹn. Ara àpótí ni kí ẹ ki wáyà mọ́nítọ̀ sí.

Yíyí padà

OCuLink kò fẹ́ kí a ki òun bọlẹ̀ tàbí kí a fa òun yọ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà láàyè. Ẹ ó pa handheld pátápátá, ẹ ó ki wáyà bọ ihò, ẹ ó tan àpótí, ẹ ó wá tan handheld. Bákan náà ni tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́. Kì í gbé iná, nítorí náà wáyà ṣájì tún wà lọ́tọ̀. Tí mo bá fẹ́ gbé géèmù kúrò lórí tábìlì lọ sórí ibùsùn, mo ní láti fi í pamọ́, kí n pa ẹ̀rọ, kí n yọ wáyà méjì, kí n tún tàn án. Ìgbà tí mo bá fi ṣe gbogbo rẹ̀ tán, mi ò fẹ́ gbá a mọ́. Torí pé mo fẹ́ máa gbé e káàkiri ni mo ṣe ra handheld.

Mo fara da ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara dà ni ọ̀rọ̀ iná.

Bátìrì wà nínú handheld, kò sí nínú àpótí GPU. Tí wọ́n bá mú iná, handheld kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n GPU tó ń bá a ya àwòrán ti kú mọ́ ọn lára. Lórí OCuLink tèmi, mọ́nítọ̀ á ṣókùnkùn, ohùn géèmù á máa pariwo lójú kan, ẹ̀rọ á gan pa. Kò sí ọ̀nà àbáyọ ju kí n tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná ní àkókò gan-an tí géèmù ń fi ibi tí mo dé pamọ́. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ padà, fáìlì náà ti bàjẹ́. Oṣù méjì ni mo ti ń gbá géèmù yẹn bọ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Mo rò pé ínfátà yóò gbà mí sílẹ̀. Ínfátà máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ nẹ́pà kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Gílóòbù á kàn ṣẹ́jú, fáànù kò ní dúró. Àpótí GPU mi kò lè fara da ìwọ̀nba yẹn. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ínfátà ní ibi tí wọ́n kọ "UPS" sí, tí ẹ bá yí i síbẹ̀, yóò máa tètè gbaṣẹ́. Ìṣòro náà dín kù, kò tán. UPS gidi, ìyẹn ẹ̀rọ bátìrì kékeré tó ń gbaṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ, tí mo gbé sábẹ́ tábìlì ló tán an, owó rẹ̀ kò sì sí nínú ìṣirò mi nígbà tí mo ń ra àpótí. Ẹ kà á mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tí iná yín dà bí tiwa.

Pẹ̀lú USB4, wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé àwòrán tó sì ń ṣájì handheld. Tí mo bá fẹ́ dìde, mo á pa géèmù, mo á tẹ àmì tí a fi ń yọ ẹ̀rọ ní ìsàlẹ̀ Windows, mo á fà á yọ, mo ti ń lọ nìyẹn. Kí n tó gbé UPS náà sábẹ́ tirẹ̀, iná lọ mọ́ mi lórí ní àìmọye ìgbà. Géèmù á kú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Windows máa ń yè é lọ́pọ̀ ìgbà. Àwòrán á padà sójú handheld, mo á tún géèmù ṣí. Ó gan mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Fáìlì kankan kò tíì bàjẹ́.

Dráífà

AMD ló ṣe GPU inú ọ̀pọ̀ handheld. Tí ti ìta náà bá tún jẹ́ AMD, bíi RX 7600M XT tó wà nínú àpótí GPD G1, dráífà kan náà (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí Windows lè lo GPU) ni àwọn méjèèjì yóò máa pín lò, èyí tí ẹ bá sì fúnra yín gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè bo èyí tí ẹni tó ṣe handheld ti tún ṣe fún un mọ́lẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ń rí àmì àṣìṣe "Code 43" nínú Device Manager fún alẹ́ méjì, kí n tó fi DDU, sọ́fítíwíà tó ń nu dráífà, nu gbogbo rẹ̀ kúrò nínú Safe Mode, tí mo sì tún un fi sí. Káàdì NVIDIA ni mo ń lò báyìí. Dráífà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti AMD wà lọ́tọ̀, wọn kì í bá ara wọn jà.

Lẹ́yìn dráífà, ẹ lọ sí Settings, System, Display, Graphics, kí ẹ yan GPU ìta fún géèmù kọ̀ọ̀kan. Tí mọ́nítọ̀ bá wà lára àpótí, ẹ tẹ Windows àti P, kí ẹ yan èyí tó ń pa ojú handheld.

XG Mobile

Òun ni yíyí padà rẹ̀ mọ́ jù nínú gbogbo èyí tí mo fọwọ́ kàn. Ẹ ó ki í bọlẹ̀, ẹ ó tì í pa, Armoury Crate, sọ́fítíwíà ASUS, á béèrè bóyá kó yí i, ó parí. Ṣùgbọ́n irú èyí tí mo lò yìí, ihò ASUS nìkan ló mọ̀, Ally X kò sì ní ihò náà mọ́.

Èwo ni kí ẹ rà?

Tí inú mọ́tò tàbí orí ibùsùn ni ẹ ti ń gbá géèmù jù, GPU inú tó yín. Ẹ fi owó náà ra èyí tí RAM rẹ̀ pọ̀, nítorí inú RAM yẹn ni GPU inú ti ń jẹ.

Tí iná yín kì í lọ, tí ẹ kì í sì gbé handheld kúrò lórí tábìlì, OCuLink yẹ yín, ìyára rẹ̀ dáa. Àmọ́ ẹni tí kì í gbé e kúrò lórí tábìlì, ẹ bá mi bi í bóyá désítọ́ọ̀pù kọ́ ló yẹ kó rà.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ wo USB4. Ẹ rí i dájú pé 40 wà lára wáyà rẹ̀, kó má sì gùn ju 0.8 mítà lọ. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí géèmù kan sórí rẹ̀, kó sì pa iná àpótí náà lójú yín.