NetworkX fún pínpín yàrá àlejò nígbà Ọlọ́jọ́

Ọ̀fẹ́ ni NetworkX, àkójọ irinṣẹ́ fún èdè kọ̀ǹpútà Python, kò sì béèrè kọ̀ǹpútà olówó gọbọi. Bí Python bá ti wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ tẹ «pip install networkx», ó parí. Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù lè lò ó nínú Google Colab, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aric Hagberg, Dan Schult àti Pieter Swart ló pilẹ̀ rẹ̀, 2005 ló sì kọ́kọ́ jáde fún gbogbo ayé. Iṣẹ́ gíráàfù, ìyẹn àwọn kókó tí okùn so pọ̀, ló ń ṣe: ẹ kó àwọn kókó fún un, ẹ sọ àwọn tí okùn so pọ̀, ẹ wá bi í léèrè ohun tí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Ilé àlejò ni ìbéèrè tèmi ti wá. Àbúrò ìyá mi ní ọ̀kan, kékeré ni, ní Lágéré, n'Ífẹ̀ níbí. Bí Ọlọ́jọ́ bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi ń bọ̀ wá wo Ọọ̀ni nínú adé Aàrè, fóònù wọn kì í sinmi. Ẹnì kan fẹ́ sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, òmíràn fẹ́ òru méjì péré, ẹlòmíì á tún pè pé òun ti sún tòun síwájú. Inú ìwé ńlá ni Àǹtí ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ìṣirò ni wọ́n máa ń ké sí: «Tíṣà, yàrá mélòó gan-an làwọn èèyàn yìí máa gbà?»

Àlejò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kókó kan. Bí àlejò méjì bá jọ ní òru kan náà, ẹ ta okùn láàárín wọn. Yàrá ni àwọ̀: àwọn tí okùn so pọ̀ kò gbọdọ̀ gba àwọ̀ kan náà. Lórí gíráàfù tí a kò mọ irú ẹ̀, wíwá iye àwọ̀ tó kéré jù lọ wà lára ìṣòro 21 tí Richard Karp tò jọ ní 1972, títí di òní kò sẹ́ni tó tíì rí ọ̀nà yíyá tó ń yanjú wọn. Ṣùgbọ́n gíráàfù tiwa yìí ní ìran tó ti wá. Interval graph ni (kókó kọ̀ọ̀kan jẹ́ àkókò kan, okùn sì so àwọn tí àkókò wọn kan ara wọn), gbogbo interval graph ló sì jẹ́ chordal, ìyẹn ni pé bí kókó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá so yípo, okùn kan gbọ́dọ̀ dábùú àárín wọn. Ẹ wò ó báyìí: Bọ́lá ti lọ kí Kúnlé tó dé. Ṣadé bá àwọn méjèèjì, Túndé náà bá àwọn méjèèjì. Ó di dandan kí Ṣadé àti Túndé wà nílé lọ́jọ́ tí Bọ́lá lọ tí Kúnlé kò sì tíì dé, kí wọ́n sì ti pàdé: okùn tó dábùú nìyẹn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, iye yàrá tó kéré jù kò ju iye àlejò tó pọ̀ jù tó jọ sùn lóru kan ṣoṣo.

NetworkX mọ ìran yìí dáadáa. Iṣẹ́ Tarjan àti Yannakakis ti 1984 ni «is_chordal», tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá chordal ni gíráàfù, dúró lé, ó yá gan-an. Nínú èyí tí mo ń lò, kò sí iṣẹ́ kankan tó ń sọ pé interval graph nìyí. Ẹ má bínú sí i jù. Lekkerkerker àti Boland ti fi hàn ní 1962 pé chordal tí kò ní asteroidal triple (kókó mẹ́ta tí okùn kankan kò so pọ̀, tí ọ̀nà sì wà láàárín méjì èyíkéyìí nínú wọn tí kò gba ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta tàbí aládùúgbò rẹ̀) ni interval graph, «is_at_free» sì wà láti yẹ ìyẹn wò. Ẹ pe méjèèjì pọ̀, ẹ ti ní ìdáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì ń falẹ̀ bí gíráàfù bá ti tóbi.

Ibi tó ti yẹ ká ṣọ́ra ni «greedy_color», tó ń fún àwọn kókó ní àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. NetworkX lè mọ̀ pé chordal ni gíráàfù yín, àmọ́ «greedy_color» kò ní lo ìmọ̀ yẹn tí ẹ kò bá sọ fún un. Bí ẹ kò bá yan ọgbọ́n kankan, «largest_first» ló ń lò: kókó tí okùn rẹ̀ pọ̀ jù ló kọ́kọ́ ń kùn. Ẹ fi òru wọ̀nyí dán an wò: 1 sí 7, 1 sí 2, 3 sí 4, 6 sí 10, 9 sí 13, 12 sí 18, 14 sí 15, 17 sí 18. Kò sí òru kankan tí àlejò tó wà nílé ju méjì lọ, síbẹ̀ ó ní yàrá 3. Àlejò àkọ́kọ́ àti ẹni tó gba 12 sí 18 ló kọ́kọ́ fún ní àwọ̀ kan náà, àwọn méjì tó wà láàárín wọn sì há. Àǹtí ní, «Ta ló fẹ́ sùn ní yàrá kẹta yẹn, iwin?» Ẹ kọ «smallest_last» sí i, tó ń fi kókó tí okùn rẹ̀ kéré jù sẹ́yìn, yàrá 2 ló máa bọ́ sí. Kì í ṣe oríire o: lórí gíráàfù chordal èyíkéyìí, ọgbọ́n yìí kì í fi àwọ̀ kan ṣòfò. Onímọ̀ ìṣirò Gabriel Dirac ló là á sílẹ̀ ní 1961: ìgbà gbogbo ni kókó kan máa ń wà tí gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ti so mọ́ ara wọn; bí irú rẹ̀ bá gbẹ̀yìn, àwọ̀ kan ṣì máa ṣẹ́ kù fún un.

«interval_graph» náà wà, ó ń ṣe gíráàfù láti inú àkókò, ṣùgbọ́n ó ní ìwà méjì tí mi ò fẹ́ràn. Bí àlejò kan bá lọ ní ọjọ́ 7 tí òmíràn dé ní ọjọ́ 7, ó máa ní wọ́n pàdé. Ẹ fi òru tí wọ́n sùn gbẹ̀yìn sí i dípò ọjọ́ tí wọ́n kúrò. Èkejì burú jù: àkókò fúnra rẹ̀ ló fi ń ṣe orúkọ kókó, nítorí náà ẹni méjì tó gba òru 12 sí 14 máa di ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà Ọlọ́jọ́ tí ẹbí máa ń wọ́ dé pọ̀! Mo fi orúkọ àlejò ṣe kókó, mo fi ìlà kóòdù bíi mélòó kan ta okùn fúnra mi.

Ẹni tó ní okùn ẹgbàágbèje kí ó wá irinṣẹ́ míì, Python ni wọ́n fi kọ èyí, kì í sáré púpọ̀.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Àǹtí béèrè bóyá ó lè bá àwọn gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń yọ́ jáde lówùúrọ̀ kùtù. Mo wá a títí, kò sí níbẹ̀.