Fúlóráìdì nínú ọṣẹ ìfọyín, omi ìfọnu àti omi ẹ̀rọ: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rajà

Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń kọ gàdàgbà sára páálí ọṣẹ ìfọyín ni pé yóò sọ eyín di funfun, tàbí pé ẹnu yóò máa ta sánsán títí di alẹ́. Fúlóráìdì, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń dènà eyín jíjẹrà, ẹ̀yìn páálí ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí ní lẹ́tà wínníwínní, pẹ̀lú nọ́ńbà kan tí ppm tẹ̀ lé, ìyẹn iye ìpín fúlóráìdì tó wà nínú mílíọ̀nù kan ìpín ọṣẹ. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wo orúkọ tàbí iye owó.

Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín inú ẹnu a máa sọ ṣúgà inú oúnjẹ di ásíìdì, ásíìdì yìí a sì máa yọ kálísíọ́mù kúrò lára eyín díẹ̀díẹ̀. Itọ́ a máa dá lára rẹ̀ padà, bí fúlóráìdì bá sì wà nínú itọ́ náà, ìdápadà yìí yóò yá sí i, ojú ibẹ̀ yóò sì túbọ̀ le fún ásíìdì láti jẹ. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ tí kò ní fúlóráìdì, títí kan àwọn dúdú tí wọ́n fi èédú ṣe, kàn ń ha ìdọ̀tí kúrò ni. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì kún àkójọ àwọn oògùn kòṣeémáàní, ipò tí kò sí ọṣẹ èédú kankan níbẹ̀.

Fún àgbàlagbà, ẹ ra èyí tó wà láàárín 1000 sí 1500 ppm. Ti ọmọdé ló ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú. Òmíràn nínú ọṣẹ ọmọdé kò ju 500 ppm lọ, òmíràn kò tilẹ̀ ní rárá, bẹ́ẹ̀ àwòrán tó wà lára rẹ̀ ni ẹ ń sanwó fún. Lójú tèmi, ó sàn kí ẹ ra èyí tó ní 1000 ppm, kí ẹ sì dín ìwọ̀n tí ẹ ń fi sórí búrọ́ọ̀ṣì kù: bíi hóró ìrẹsì kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, bíi hóró ẹ̀wà kékeré kan fún ọmọ ọdún 3 sí 6. Kí àgbàlagbà sì wà níbẹ̀ kí ọmọ má baà máa gbé e mì, nítorí pé àpọ̀jù fúlóráìdì lásìkò tí eyín àgbà ń dàgbà nínú èrìgì lè fi àmì funfun sára eyín náà.

Irú fúlóráìdì náà yàtọ̀ síra. Sodium fluoride wọ́pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí calcium carbonate bá wà nínú ọṣẹ kan náà, nítorí pé àwọn méjèèjì a máa so mọ́ra, fúlóráìdì tó ṣẹ́ kù fún eyín kò sì ní tó nǹkan. Sodium monofluorophosphate ló bá irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ mu. Stannous fluoride dára fún ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tí omi tútù ń dun eyín rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè mú kí eyín pọ́n díẹ̀.

Orín àtà kò burú. Ó ń ha eyín mọ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò fúlóráìdì inú ọṣẹ. Ẹ lè fi orín fọnu láàárọ̀, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ́ lálẹ́.

Ní ti omi, ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi fúlóráìdì sínú omi ẹ̀rọ ará ìlú ní ọdún 1945. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà dámọ̀ràn ní ọdún 2015 ni mílígíráàmù 0.7 nínú lítà kan. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1964, Brazil sì sọ ọ́ di òfin ní ọdún 1974, ṣùgbọ́n omi London kò ní àfikún yìí. Àǹfààní omi ni pé ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àǹfààní náà ti dín kù láti ìgbà tí ọṣẹ onífúlóráìdì ti tàn kálẹ̀. Ẹni tó ń mu omi kànga ẹ̀rọ tàbí omi inú ọ̀rá ní Ìbàdàn kò lè gbójú lé omi. Ọṣẹ ni tirẹ̀. Ní Langtang, ìpínlẹ̀ Plateau, ní ìdàkejì, omi abẹ́ ilẹ̀ ní fúlóráìdì débi pé ó ń ba àwọ̀ eyín jẹ́. Mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí ó kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ asẹ́mi, ẹ mọ̀ pé èyí tó ń lo reverse osmosis (fífi agbára ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kọjá) a máa yọ ọ̀pọ̀ jù lọ fúlóráìdì kúrò, ṣùgbọ́n jọ́ọ̀gì alásẹ́ èédú kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́. Omi sísè kì í yọ ọ́ rárá.

Omi ìfọnu tí à ń lò lójoojúmọ́ sábà máa ń ní nǹkan bí 225 ppm, èyí tó kéré gan-an sí ti ọṣẹ. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, nítorí yóò gbé e mì. Bí ẹ bá ti fọ eyín tán, ẹ tu ìfófòó dànù, ẹ má fi omi ṣan ẹnu. Bí ẹ bá sì ra omi ìfọnu, ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ lò ó, kí ó má baà ṣan èyí tó lágbára jù ú lọ dànù.