Pámpáàsì ni àbí P-valve? Ìfiwéra fún ẹni tí ìtọ̀ máa ń gbọ̀n lábẹ́ omi

Ẹni tó bá ti wọ drysuit, aṣọ òmùwẹ̀ tí omi kì í wọ̀, lọ sábẹ́ omi tútù fún wákàtí kan mọ ohun tí mò ń sọ. O tọ̀ kí o tó wọṣọ, o rò pé ó ti tán, kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú tí o wọlé tí ìtọ̀ tún dé. Kì í ṣe àìsàn. Omi ló ń fún ara, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá sí àyà. Ọkàn á wá kà á sí pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kó dín omi kù. Òtútù náà ń dá kún un. Yóò gbọ̀n ọ́ dandan, ibi tó máa gbà jáde ló yẹ kí o ti wá sílẹ̀.

Bí wetsuit, aṣọ òmùwẹ̀ tó ń jẹ́ kí omi wọlé, lo ń wọ̀, má wulẹ̀ náwó. Tọ̀ sínú ẹ̀, fa ọrùn aṣọ náà díẹ̀ kí omi wọlé kó ṣàn án dànù, kí o sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, torí bó bá gbẹ mọ́ ọn, òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ. Ó parí. Tiwa tá a ń wọ drysuit ló le, nítorí omi kì í wọ inú rẹ̀ láti ṣan ohunkóhun.

Àwọn kan á ní àwọn ò ní mu omi láti àárọ̀. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, èmi náà ti ṣe é rí, orí fífọ́ ni mo máa ń bá gòkè. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà gbẹ táútáú, gbogbo èémí tí o bá fà ló ń gba omi lára rẹ, àìtó omi lára sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún òmùwẹ̀ nípa rẹ̀ nítorí bends, ìyẹn àìsàn tí gáàsì tó ṣẹ́kù sára máa ń fà bí èèyàn bá yára gòkè. Jọ̀ọ́, má ṣe é.

Ó wá ku pámpáàsì àgbà àti P-valve, ìyẹn fáàfù tí ìtọ̀ ń gbà jáde nínú aṣọ.

Mo lo pámpáàsì fún sáà méjì. Kò sí pé à ń lu ihò sára aṣọ olówó ńlá, kò sí gọ́ọ̀mù, tọkùnrin tobìnrin ló lè wọ̀ ọ́. Ra èyí tó ń lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, má ra èyí tí wọ́n ń fà wọ̀ bíi pátá, kó lè rọrùn láti yọ. Fún ẹni tí kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú 45 lọ, ó tó. Àmọ́ bí o bá tọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò lè gbà á mọ́, bí o bá sì padà jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi, ohun tó ti fà mu á tún tú jáde sí ọ lẹ́yìn.

P-valve ni ti rọ́bà bíi kọ́ńdọ̀mù tó ní gọ́ọ̀mù nínú, tí họ́ọ̀sì kékeré so ó mọ́ fáàfù tí wọ́n lu ihò sí itan aṣọ náà fún. O tọ̀, ó bọ́ sínú òkun. Ìwọ̀n rọ́bà yìí ni mo fẹ́ kó yé ọ ju gbogbo nǹkan yòókù lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rà á, ẹni tó tà á fún mi ní èyí tó wà láàárín ló ń bá gbogbo ọkùnrin mu. Mo gbà á gbọ́, mo ra odidi páálí kan. Lọ́jọ́ tí mo gbé e wọ omi, mo wà ní mítà 32 nígbà tí ìtọ̀ gbọ̀n mí, mo sì jẹ́ kó lọ. Ó kọ́kọ́ lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo mọ nǹkan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ń ṣàn gba itan mi lọ sí orúnkún. Kò pẹ́ tó fi tutù bíi yìnyín. Aṣọ òtútù tó ti rin kì í mú èèyàn móoru mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ku ìṣẹ́jú 26 tí mo gbọ́dọ̀ dúró kí gáàsì lè jáde lára mi kí n tó lè gòkè. Mo di okùn mú ní mítà 6, eyín mi ń gbá ara wọn débi pé ọwọ́ ni mo fi di ohun tí mò ń mí sí mú kó má bàa bọ́ lẹ́nu mi. Àṣé rọ́bà náà ti tóbi jù fún mi, ìtọ̀ ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Páálí yẹn, ńṣe ni mo kó o dànù.

Torí náà, wọ̀n ọ́n. Láti nǹkan bíi mílímítà 25 dé 41 ló wà, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń ní bébà ìwọ̀n tí wọ́n gé ihò sí. Fi í sí ibi tó nípọn jù lára nǹkan ọkùnrin rẹ, nígbà tó bá wà ní ìrọ̀rùn. Èyí tó kéré jù á fún ọ bí okùn. Gé irun ibẹ̀ mọ́lẹ̀, má fi ìpara kankan kan ara. Bí o bá ti wọ̀ ọ́ tán, fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan kí ooru ọwọ́ lè mú gọ́ọ̀mù náà lẹ̀. Má jẹ́ kí àyè pọ̀ jù níwájú rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti máa ń lọ́ pọ̀ tí á sì dí. Lẹ́yìn náà, dán an wò ní balùwẹ̀ nílé: lórí ìdúró, lórí ìjókòó, kí o sì tún dojú bolẹ̀, torí bí o ṣe máa wà lábẹ́ omi nìyẹn.

Fáàfù náà pín sí méjì. Èyí tó ń bá afẹ́fẹ́ inú aṣọ dọ́gba ni kí o rà. Pẹ̀lú ìkejì, afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀sì á máa sún kì bí o ṣe ń lọ sísàlẹ̀, rọ́bà náà á sì máa fa ara mu, àfi bí o bá tètè tọ̀ díẹ̀ kí họ́ọ̀sì lè kún. Ó ń dunni gan-an. Rọ́bà kan, ẹ̀ẹ̀kan. Họ́ọ̀sì sì ń fẹ́ omi mímọ́ àti oògùn apakòkòrò lẹ́yìn ìlò, nítorí kòkòrò lè gba ibẹ̀ wọ àpò ìtọ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ohun tí wọ́n ń lò dípò rọ́bà yẹn ni èyí tí gọ́ọ̀mù oníṣègùn ń mú lẹ̀ mọ́ ojú ara, She-P sì ni èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Arábìnrin tá a jọ máa ń wọ omi sọ fún mi pé ó gba òun ní ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú nílé kó tó mú dáadáa, àti pé ara gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kí gọ́ọ̀mù tó kàn án. Látìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, kò padà sí pámpáàsì mọ́.

Kò sí èyí tí kò wúlò nínú méjèèjì. Bí o kì í bá pẹ́ lábẹ́ omi, tàbí tí aṣọ náà kì í ṣe tìrẹ, pámpáàsì ni kí o mú. Bí o bá ń dúró kí gáàsì jáde lára rẹ kí o tó gòkè, fáàfù ni. Èmi tiẹ̀ ń wọ̀ ọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú pàápàá báyìí, nítorí mo lè mu omi mi tẹ́rùn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu aṣọ rẹ. Kọ́kọ́ ra rọ́bà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n mẹ́ta, wọ̀ wọ́n wò nílé, èyí tí kò bá jò ni kí o wá ra páálí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí o tó gbé aṣọ lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lù.