Rúlà àbí omi: èwo ni ká fi wọn dẹ́ńsítì?

Ní Abẹ́òkúta, ìlú tó ń jẹ́ orúkọ òkúta, akẹ́kọ̀ọ́ wo ni kò ní rí òkúta fi wọn dẹ́ńsítì, ìyẹn bí nǹkan ṣe wúwo tó sí àyè tó gbà? Ohun méjì la nílò: bí nǹkan ṣe wúwo tó lórí òṣùwọ̀n, àti àyè tó gbà. A ó fi àyè pín ìwúwo. Orí àyè yìí gan-an ni wàhálà wà.

Rúlà yá. Ọṣẹ ìfọṣọ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó fẹ̀ ní 5, tó ga ní 4, 200 ni àyè rẹ̀. Bó bá wọn gírámù 210, dẹ́ńsítì rẹ̀ jẹ́ 1.05. Ó tán. Àmọ́ ta ni yóò fi rúlà wọn òkúta tó rí págunpàgun?

Omi ló mọ ìyẹn ṣe, òun lèmi sì fara mọ́. Bu omi sínú ife onílà dé mílílítà 60, fi òwú so òkúta, rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Má jù ú sí i o. Omi a ta dànù, ìṣirò a bàjẹ́. Bí omi bá gòkè dé 110, òkúta gba 50. Bó bá wọn gírámù 135, 2.7 nìyẹn. Kí ojú rẹ ṣe déédéé pẹ̀lú omi nígbà tí o bá ń kà á.

Ọṣẹ yóò yọ́ nínú omi, igi yóò léfòó. Epo pupa ńkọ́? Wọn ife òfìfo, da epo mílílítà 50 sí i, tún un wọ̀n, yọ ìwúwo ife kúrò: epo náà yóò tó bíi gírámù 45.5, ìyẹn 0.91, tí kò tó 1 tí omi jẹ́. Abájọ tó fi ń lékè omi.